Orin ‘Japa’ Dùn, Ṣùgbọ́n Ta Ló Sanwó Ọkọ̀?

Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ti tán lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́n oúnjẹ kò tíì dópin. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣojú mi níbi ìkómọ kan, mo sì rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ kí n sùn.

Ní Wulari níbẹ̀ ni. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ti bu ìrẹsì fún àlejò, ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ orin sì ti fi Ebenezer Obey dá àwọn àgbà lára yá. Ó tún fi fújì sí i, ariwo sọ. Ìgbà tó yá ló wá fi ‘Japa’ tí Naira Marley kọ sí i. Háà! Àwọn ọ̀dọ́ dìde bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Àwọn bàbá tó jókòó pàápàá ń mi orí. Àwọn ọmọ kan ń juwọ́ bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bàálù, àwọn mìíràn ń fi apá wa omi bí ẹni tó ń tukọ̀. Bàbá kan náwó fún wọn, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wọn rí ọ̀nà lọ.

Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ti ń jó láti ìgbà Obey. Bí orin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì kọjú sí ògiri. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Mo ní, “Màmá, ṣé kò sí?” Ó ní, “Àbúrò mi, orin yẹn ni. Orin yẹn ni ọmọ mi fi sórí fóònù rẹ̀. Tí mo bá pè é, òun ni mo máa ń gbọ́ kó tó gbé e.”

Ọdún 2021 ni ọmọ náà kúrò nílé. Ó gba Kano, ó wọ orílẹ̀-èdè Niger, ó dé Agadez, ó bá ọkọ̀ la aṣálẹ̀ kọjá sí Libya. Owó àjọ ni ìyá rẹ̀ kó fún un, tirẹ̀ àti ti àwọn ẹlòmíràn tó gbà á lọ́wọ́ wọn ṣíwájú kí àsìkò rẹ̀ tó kàn. Ó pe ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan láti etí òkun, ó ní òru ọjọ́ náà làwọn máa wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó gbàdúrà fún òun. Láti ọjọ́ náà, ìyá kò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Tó bá pe nọ́ńbà ọ̀hún, kò kọrin mọ́. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, ó ṣì ń dá owó àjọ tó fi rán ọmọ náà lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mi ò wá bú olórin o. Mi ò sì wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn-àjò, torí àwa gan-an kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Borno, ìrìn ló gbé wa dé ibí. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni ohun tí orin ìlọ ń sọ àti ohun tí kì í sọ. Orin ń sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣí. Kì í sọ ẹni tó sanwó ọkọ̀, kì í sì í sọ ẹni tó jókòó tì fóònù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ‘japa’, àwọn ọmọ ìgboro ló gbé e lẹ́nu kiri. Kí èèyàn já, kí ó sì sá pátápátá. Ẹni tí ọlọ́pàá ń lé a japa, ẹni tó jẹ gbèsè a japa, ọmọ tó fọ́ àwo ìyá rẹ̀ náà a japa títí inú ìyá yóò fi rọ̀. Kó tó di ọdún 2020, Naira Marley ti fi í kọrin, ìgboro sì gbà á. Láàárín ọdún mélòó kan, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà, ó di orúkọ fún lílọ sí òkè òkun. Hausa ń pè é bẹ́ẹ̀, Ìgbò ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn aṣòfin l’Abuja ń pè é bẹ́ẹ̀. Èdè wa ti wá fún gbogbo Nàìjíríà lórúkọ tí wọ́n ń pe sísá kúrò nílé. Ṣé ohun ìyangàn ni àbí ohun ìtìjú? Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ohun kan tí àwọn ọmọ tó ń jó orin yìí kì í rántí ni pé ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, ó sì ti bọ̀. Agége ni wọ́n ti bí Naira Marley. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wà nígbà tó dé Peckham ní ìlú London. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ sì wá kàn ní Nàìjíríà, Èkó ló padà wá jókòó sí. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń kọrin pé ká sá lọ ti wá ọ̀nà oúnjẹ tirẹ̀ padà sílé. Mi ò bá a jà sí i. Mo kàn ní kí ẹni tó ń jó mọ̀ pé olórin ní ìwé ìrìnnà lápò kó tó kọrin.

Àwa Yorùbá kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìn. Ní ọdún 1964 ni ojú irin tí wọ́n ń là bọ̀ láti Kuru lẹ́bàá Jos dé Maiduguri. Àwọn kan nínú àwọn bàbá wa bá ọkọ̀ ojú irin yìí wá gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, àwọn mìíràn wá ṣòwò, àwọn mìíràn wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kalẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí ti tàn ká ilẹ̀ Hausa, Ghana àti Ivory Coast kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ japa. Àwọn ará Èjìgbò sọ Abidjan di ilé kejì. Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílẹ̀ àwọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìmọye Yorùbá tó ti bímọ níbẹ̀ ló di ẹrù wọn padà sílé. Àwọn ọmọ kan dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn kò gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Àwa tó wà ní Maiduguri náà mọ ohun tí ń jẹ́ kí èèyàn sá. Láti oṣù Keje, ọdún 2009 tí wàhálà Boko Haram bẹ́ nílùú yìí, títí dé ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìlú kò fararọ ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, àìmọye nínú wa ló kó ọmọ padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún aládùúgbò tó jẹ́ Kanuri, wọ́n sì padà wá bá ọjà wọn láìdín kan. Àwọn kan kò padà wá mọ́. Kò sí ẹni tó bú ẹni tó lọ, kò sì sí ẹni tó bú ẹni tó dúró. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ọ̀lẹ tàbí ọ̀dàlẹ̀ ní í sá. Ẹsẹ̀ ni oògùn ohun tí ọwọ́ kò bá ká.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà o. Bàbá tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbí ní ọdún náà lọ́hùn-ún, kì í wá bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹnìkan ti wà níbí tó kọ lẹ́tà sí i. Ẹni náà á lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, á fún un ní yàrá sùn, á mú un lọ kí olórí ará wa, á sì kọ́ ọ níṣẹ́. Bí kò bá rọgbọ, ẹgbẹ́ á dá owó ọkọ̀ fún un kó lè padà sílé. Ìrìn náà le, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ tó dì í mú lókè àti nísàlẹ̀. Èyí tí à ń rí lónìí, orin ló ń mú ọmọ jáde nílé, èjẹ́ǹtì tí kò mọ ojú rẹ̀ ló ń gbà á.

Ẹ wò ó, ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn èèyàn wa lọ sí ìlú òyìnbó nígbà kan ní orúkọ. Àwọn àgbà mọ Aureol. Láti ọdún 1951 di 1974 ló fi ń ná Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Liverpool ló ń gúnlẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyí. Ó ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní lẹ́tà ilé-ìwé, gbogbo ẹbí sì ń kóra jọ lọ sí èbúté Apapa láti lọ sìn ín. Wọ́n mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé ibẹ̀. Bí lẹ́tà kò bá dé lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa béèrè.

Orin wà nígbà náà pẹ̀lú. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní ọdún 1919, bá ọkọ̀ ojú omi lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì fìdí kalẹ̀ sí London. Nígbà tí ogun ilẹ̀ Yúróòpù parí ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1945, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó lùlù láàárín èrò tó ń yọ̀ ní ìgboro London. Ó dá ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers sílẹ̀, ó sì ń fi Yorùbá kọrin láàárín òyìnbó. Ẹni tó bá fetí sí ìlù àti gìtá rẹ̀ á mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò kúrò l’Ékòó. Ẹni tó ti rékọjá òkun ló ń kọrin ilé.

Fela gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1977, nínú orin tó pè ní ‘J.J.D.’, ó fi àwọn tó ti òkè òkun dé ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó gúnlẹ̀ tán tí wọn kò fẹ́ rìn bí ará ilé mọ́. Síkírù Àyìndé Barrister náà ròyìn Orlando ní Amẹ́ríkà fún wa nínú ‘Fantasia Fuji’, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò jáde ní Mushin rí ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ bí ẹni tó dé ibẹ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìròyìn ẹni tó lọ tó bọ̀ ni tirẹ̀. Ó lọ, ó rí, ó wálé wá sọ. Orin ìlọ ti òde òní, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní àbọ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ṣí ni orin parí sí.

Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí ń ṣe. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 1948, nígbà tí ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olórin Trinidad kan tí wọ́n ń pè ní Lord Kitchener wà nínú rẹ̀. Àwọn oníròyìn ní kó kọrin fún àwọn, ó sì kọ orin kan tó fi yin London. Inú ọkọ̀ ló ti ṣe orin náà, kò tíì fi ojú kan ìlú tó ń yìn. Nígbà tó di ọdún 1962, Kitchener fúnra rẹ̀ padà sí Trinidad. Ní ọdún 2018, ayé gbọ́ pé àwọn ọmọ tó bá òbí wọn wá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní wọn kò ní ìwé. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kan, wọ́n ti àwọn kan mọ́lé, wọ́n sì lé àwọn mìíràn padà. Orin tí wọ́n kọ ní èbúté kò mọ èyí.

Ní Algeria, Reda Taliani àti ẹgbẹ́ 113 gbé orin ‘Partir loin’ jáde ní ọdún 2005, èyí tó túmọ̀ sí kí èèyàn lọ jìnnà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń ké sí nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó bá wọ ọkọ̀ kékeré lóru: harraga, ìyẹn àwọn tó ń jó nǹkan níná, torí wọ́n máa ń dáná sun ìwé wọn kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí wọ́n máa dá wọn padà sí. Ní Senegal ní ọdún 2006, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ apẹja ni Barcelona tàbí ọ̀run. Ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n ní kò sí ẹ̀kẹta. Lọ́dún náà, àwọn tó ju 31,000 lọ ló fi ọkọ̀ ìpẹja dé erékùṣù Canary tó jẹ́ ti Spain. Ní ọdún 2024, àwọn tó dé ibẹ̀ ju 46,000 lọ. Àwọn tí a rí kà nìyẹn o. Òkun kì í kọ orúkọ àwọn tirẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ará Senegal ni, ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, wọ́n rí ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta ní Las Palmas lórí irin ìtọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Alithini II. Wọ́n ti jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá láti Èkó, omi òkun ń fọ́n sí wọn lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 2023, àwọn mẹ́rin mìíràn jókòó sí irú ibẹ̀ nínú ọkọ̀ Ken Wave. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n lò. Oúnjẹ tán, omi tán, wọ́n ń mu omi òkun. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n rò pé àwọn ń lọ. Ìgbà tí ọlọ́pàá gbé wọn sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé Vitória ní ilẹ̀ Brazil làwọn dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ilẹ̀ Brazil tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kó àwọn baba ńlá wa lọ, àwọn ọmọ wa ti ń fi ara wọn sábẹ́ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, láìmọ̀.

Òkun Mẹditaréníà nìkan gba ẹ̀mí tó ju 5,000 lọ ní ọdún 2016. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, ọkọ̀ kan ṣoṣo rì lẹ́bàá Lampedusa, ó sì gbé èèyàn tó ju 360 lọ. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2017, òkú ọmọbìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ ní Salerno ní Italy, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbà pé ọmọ Nàìjíríà ni. Àwa tí a wà ní Maiduguri sì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ju ará Ìbàdàn lọ. Láyé àtijọ́, láti Kukawa nílẹ̀ Borno yìí ni àwọn oníràkúnmí ti ń la aṣálẹ̀ lọ sí Tripoli. Ọkọ̀ akẹ́rù ló rọ́pò ràkúnmí. Ní ọdún 2015, orílẹ̀-èdè Niger ṣe òfin tó fi ẹ̀wọ̀n de àwọn tó ń kó arìnrìn-àjò gba Agadez. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, àwọn ológun tó gbàjọba níbẹ̀ fagi lé òfin náà. Ọ̀nà tí wọ́n ti tì ti ṣí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ kò gbọ́.

Ó yẹ ká béèrè ohun tó ń mú orin yìí dùn létí àwọn ọmọ wa. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní bí 460 náírà kọjá 1,500 kí oṣù Kejì, ọdún 2024 tó parí. Ọjà Monday Market tí a fi gbogbo ayé wa kọ́ jóná ní oṣù Kejì, ọdún 2023. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, ìdídò Alau já, omi wọ ìgboro. Ìlú tó jẹ́ pé ẹja bánda tó ń ti Baga wá nìkan ló ń rán wa létí ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀, òun ló wá di ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó èèyàn kúrò lórí títì. Ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, tó jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, tó rí iná, tó rí omi, bó bá gbọ́ orin tó ní kó máa lọ, ṣé orin ló ṣe é ni? Orin kò bí ìyà. Ìyà ló bí orin.

Ìdí nìyẹn tí ìbáwí àti òfin kò fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà á rántí Andrew. Ní ọdún 1984, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n ṣe ìpolówó kan lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tí Enebeli Elebuwa ti ń sọ pé Nàìjíríà ti sú òun, òun ń lọ. Wọ́n fẹ́ kí ojú ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Kò ju ọdún méjì lọ, ètò SAP dé ní ọdún 1986, dókítà àti olùkọ́ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í forí lé Saudi Arabia àti ìlú òyìnbó. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2023, àbá òfin kan la ìkà kejì kọjá nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kó tó gba ìwé àṣẹ tó kún. Àwọn dókítà fárígá. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn níbi tí òrùlé ti ń jò, kò tíì tún ilé ṣe.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà ìwé àti bàálù náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí yọ yín sílẹ̀. Òfin òyìnbó ń yára yí ju orin lọ. Láti oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún kan náà, wọ́n fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de àwọn tó ń lọ tọ́jú arúgbó. Ní ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó yẹn mọ́ àwọn tuntun tó ń ti òkèèrè bọ̀. Síbẹ̀, ẹ ó rí èjẹ́ǹtì tí yóò máa ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yín pẹ̀lú ẹnu dídùn. Orin tó gbé wọn jáde kò yí padà, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn sí ti yí padà.

Kí wá ni ṣíṣe? Èmi ò ní kí wọ́n fòfin de orin. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lórí rédíò, yóò wà lórí fóònù. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé ká dá ọwọ́ tó ń di arìnrìn-àjò mú padà, bí àwọn bàbá wa ṣe ní in. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó wá sọ fún ẹgbẹ́. Kí àwọn tó mọ̀wé nínú wa bá a ka ìwé tí èjẹ́ǹtì fún un. Kí a béèrè orúkọ ibi tó ń lọ, ẹni tó máa gbà á lálejò, irú físà tó wà níwèé rẹ̀, àti ohun tó máa ṣe bí kò bá rọgbọ. Kí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ti ẹni tó máa pàdé rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ ti aṣálẹ̀ àti ọkọ̀ rọ́bà, kí àgbà ní ìgboyà láti sọ pé, “Ọmọ mi, owó wa kò ní bá ọ gba ibẹ̀.”

Owó àjọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Owó tí èèyàn mẹ́wàá jọ ń dá, kì í ṣe owó tí ẹnìkan ń dá gbé fún èjẹ́ǹtì lóru. Kí ẹgbẹ́ àjọ kọ̀ọ̀kan fẹnu kò lórí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé. Owó kan náà lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lè kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ iná oòrùn tí gbogbo ìlú yìí ń wá, ó sì lè sanwó ìdánwò tó yẹ kí ó ṣe kí ó tó gba ọ̀nà tó mọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lọ́hùn-ún, tí ẹ ń rí ìwé ìròyìn yìí gbà lọ́nà kan tàbí òmíràn, ẹ dákun, ẹ máa sọ òótọ́. Ẹ máa ya fọ́tò ibi tí ẹ ń sùn bí ẹ ṣe ń ya ti yìnyín. Sound Sultan tó ti di olóògbé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Jos bí a ṣe bí àwọn ọmọ tiwa sí Maiduguri, kọ orin kan tó pè ní ‘Motherland’, tó fi rán ẹni tó lọ létí pé ilé wà. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ó kàn fi àbọ̀ sínú orin ni. Àwọn ọmọ wa tó ń kọrin nílùú yìí, ẹ jọ̀ọ́, irú ìyẹn náà dùn ún jó.

Kí n tó kúrò níbi ìkómọ ọjọ́ náà, mo bi ìyá yẹn bóyá ká sọ fún ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ kó yọ orin náà. Ó mi orí. Ó ní, “Jẹ́ kí wọ́n jó o, àbúrò. Ayẹyẹ ni. Bí wọ́n bá jó tán, kí ẹnìkan sáà bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń lọ bá.” Lẹ́yìn náà ló wo fóònù rẹ̀, ó sì dá a padà sínú àpò.

Mo ti bá a bi wọ́n lónìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dá a lóhùn nílé yín kí ẹ tó ka owó. Ẹni tó ń lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, kó ṣọ́ ọ bọ̀. Ẹni tí a ń retí, kí Ó jẹ́ ká gbóhùn rẹ̀. Àṣẹ.